Bí ọlọ́pàá ìlú kan àti òmíì ṣe ń pawọ́ pọ̀ mú olè mọ́tò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lónìí ni pé ààlà tó wà láàárín tẹ́ṣàn kan àti èkejì gan-an ni olè mọ́tò gbójú lé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ tí wọ́n jí lè ti kọjá ìlú mẹ́ta, tí ẹjọ́ ẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi sùn, olè á wá máa wà á kọjá níwájú ọlọ́pàá tí ò gbọ́ nǹkan kan.

Àkọsílẹ̀ tí gbogbo wọn jọ lè wò ló ń dí ihò yẹn. Ní Amẹ́ríkà, FBI, ìyẹn àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, ti gbé irú ẹ̀ kalẹ̀ láti 1967, NCIC ni wọ́n ń pè é, ọlọ́pàá ìlú kékeré tó dá ọkọ̀ dúró lóru á tẹ nọ́ńbà ẹ̀, á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá wọ́n ń wá a ní ìpínlẹ̀ míì. Interpol, ìyẹn àjọ ọlọ́pàá àgbáyé, náà ní tiẹ̀ fún èyí tó bá sọdá bodè. Àmọ́ tí ẹni tó gba ẹjọ́ ò bá tètè tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ńkọ́? Asán ni gbogbo ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí, torí iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Pléètì nìkan ò tó o, kò le láti tú. Nọ́ńbà ṣáásì, ìyẹn VIN, ló ṣe kókó: lẹ́tà àti fígọ̀ 17, kò sí I, O tàbí Q nínú ẹ̀ kéèyàn má baà ṣì wọ́n kà sí 1 tàbí 0. Ẹ wo abẹ́ gíláàsì iwájú lápá ọ̀dọ̀ dírẹ́bà, ẹ ṣílẹ̀kùn ẹ̀ náà, ẹ wò ó bóyá méjèèjì bára mu. Olè tó gbọ́n á wá ọkọ̀ míì tó jọ èyí tó jí, á da nọ́ńbà tìyẹn kọ, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiẹ̀. Ọlọ́pàá ò lè dá ìyẹn rí, àfi kí àwọn tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, àwọn adójútòfò àti kọ́sítọ́ọ̀mù ní èbúté jọ fi ìwé wé ìwé, ìgbà yẹn ni wọ́n á rí i pé nọ́ńbà kan ń rìn ní ìlú méjì.

Àwọn ibòmíì máa ń dá ikọ̀ alájọṣe sílẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan á yọ ọlọ́pàá tiẹ̀, wọ́n á fún wọn láṣẹ láti mú èèyàn kọjá ààlà ìlú wọn, agbẹjọ́rò ìjọba á sì wà pẹ̀lú wọn látìbẹ̀rẹ̀ kí ẹjọ́ má baà fọ́ ní kóòtù. Wọ́n tún máa ń gbé ọkọ̀ ìdẹ sílẹ̀, GPS tó ń fi ibi tó wà hàn àti kámẹ́rà wà nínú ẹ̀, olè á gbé e, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì láti ọ̀nà jíjìn, ọwọ́ pálábá ẹ̀ á ségi.

Ọ̀kan ṣì wà tí wọ́n máa ń gbàgbé. Tí ìlú míì bá rí ọkọ̀ yín, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ orúkọ ẹ̀ kúrò lára àwọn tí wọ́n ń wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n lè na ìbọn sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ín lójú títì. Torí náà, kí ẹ tó wà á kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín pé wọ́n ti yọ ọ́.