Orí Ọmọ Ti Wà Nísàlẹ̀, Ìpàkọ́ Rẹ̀ Ńkọ́?

Wọ́n yẹ̀ yín wò, wọ́n ní orí ọmọ ti wà nísàlẹ̀, ọkàn yín balẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ò tíì tán o. Apá ibo ni ìpàkọ́ ọmọ wà? Ibẹ̀ gan-an lẹ máa ń fò.

Ẹ rántí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń wọ ẹ̀wù tí ọrùn rẹ̀ fún. Ẹ tẹrí ba, àgbọ̀n kan àyà, àtàrí ṣíwájú: wẹ́rẹ́, orí ti yọ. Ẹ wá gbé àgbọ̀n sókè, kẹ́ ẹ fi iwájú orí ṣíwájú. Ẹ̀wù ti há! Imú tẹ̀ pẹrẹsẹ, etí ń ta yín. Gbogbo aboyún tó bá jókòó tì mí ni mo máa ń sọ èyí fún, torí bọ́rọ̀ ọmọ ṣe rí náà nìyẹn. Bí ìpàkọ́ bá wà lápá ikùn ìyá, tí ọmọ sì tẹrí ba dáadáa, orí tó fẹ́ kọjá ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9.5 lọ. Bí ìpàkọ́ bá wà lápá ẹ̀yìn ìyá, ọmọ kì í sábà tẹrí ba tó. Ó lè tó 11.5. Ẹ lè ní sẹ̀ǹtímítà méjì ò pọ̀. Ó pọ̀ o! Tó bá sì jẹ́ àkọ́bí yín ni, ọmọ kankan ò tíì gba ọ̀nà yẹn kọjá rí.

Ìdí nìyẹn tí ìrọbí àkọ́bí bẹ́ẹ̀ fi ń pẹ́, tí ìbàdí á máa ro bíi kó là. Mo ti fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ìbàdí ìyá kan láti òru títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí mo bá ti gbé ọwọ́ kúrò, á tún fà á padà.

Ẹ má fòyà. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń yí fúnra wọn lásìkò ìrọbí. Nínú 100 ìbí, nǹkan bíi 5 péré ni ìpàkọ́ ṣì máa ń wà lẹ́yìn dópin. Ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ tilẹ̀: kò dájú pé á yí ọmọ, àmọ́ ó lè jẹ́ kí ẹ̀yìn tù yín. Bí ò bá yí, dókítà lè fọwọ́ yí i, ó sì lè di iṣẹ́ abẹ.

Wàyí o, ẹ gbọ́ mi! Irú orí yìí máa ń tẹ ìdí ìyá, á wá máa ṣe yín bíi kẹ́ ẹ ti ọmọ jáde nígbà tí ẹnu ilé ọmọ ò tíì ṣí tán. Ẹ MÁ TÌ Í! Mo tún un sọ: ẸNU ILÉ ỌMỌ GBỌ́DỌ̀ ṢÍ DÉ SẸ̀ǸTÍMÍTÀ 10 NÁ! Bẹ́ ẹ bá tì í ṣáájú, ẹnu ilé ọmọ lè wú. Ẹ pe agbẹ̀bí kó yẹ̀ yín wò. Kó tó dé, ẹ máa mí jáde lẹ́nu, fùù, fùù, bí ẹni ń fẹ́ iná àbẹ́là.