Aṣojú àti Ẹni Tó Rán An: Ojúṣe nínú Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Awakọ̀ Òfuurufú ní Amẹ́ríkà

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin awakọ̀. Agbára tí olórí ẹgbẹ́ ń lò níwájú ilé iṣẹ́, ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ló ti ń wá, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ló sì lè bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi òfin bẹ̀rẹ̀. Òfin Railway Labor Act ti 1926, tí wọ́n nà dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ní 1936, ló ń darí wa. Lábẹ́ òfin yìí, àdéhùn iṣẹ́ kì í kú. Tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, àyè kàn ṣí sílẹ̀ láti tún un ṣe ni. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì dúró. Ẹgbẹ́ kò lè yanṣẹ́ lódì lórí àdéhùn tuntun àfi tí National Mediation Board, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń làjà, bá ti làjà títí, tó sì tú ìhà méjèèjì sílẹ̀, tí ọjọ́ 30 tí òfin fi sílẹ̀ kí ara lè balẹ̀ sì kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn pàápàá, ààrẹ orílẹ̀-èdè lè gbé ìgbìmọ̀ pàjáwìrì kalẹ̀. Ìdí nìyí tí ìdúnàádúrà fi lè gba ọdún púpọ̀. Ẹni tí kò mọ èyí á máa bú olórí pé ó ń sùn.

Aáwọ̀ lórí ìtumọ̀ àdéhùn tó ti wà nílẹ̀ tún yàtọ̀ pátápátá. Òfin kò gba ìyanṣẹ́lódì lórí ìyẹn. Ní oṣù kejì ọdún 1999, inú bí àwọn awakọ̀ American Airlines lórí Reno Air tí ilé iṣẹ́ wọn rà, ọ̀pọ̀ wọn sì ń pè pé ara àwọn kò yá. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó ń pe àìsàn kò dín. Adájọ́ dá ẹgbẹ́ wọn, Allied Pilots Association, lẹ́bi pé ó tàpá sí àṣẹ, owó ìtanràn náà sì ju mílíọ̀nù 45 dọ́là lọ. Owó ẹgbẹ́ ni o, owó tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dá. Bí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ bá dé, kí olórí kọ ọ̀rọ̀ tó ṣe tààrà lọ́jọ́ náà gan-an, kó má ṣẹ́jú sí ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ojúṣe ọmọ ẹgbẹ́ ti wúwo jù ni ẹjọ́ tí a ń pe ilé iṣẹ́ lórí àdéhùn. Ká ní ẹni tó ń ṣètò iṣẹ́ pè yín pé kí ẹ wá wakọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, tí ó sì dá yín lójú pé àdéhùn kò fàyè gbà á. Ẹ sọ fún un pé ẹ kò fara mọ́ ọn, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, ẹ kọ aago tó pè sílẹ̀, kí ẹ lọ ṣe iṣẹ́ náà, kí ẹ tó fẹjọ́ sùn. Àfi tí iṣẹ́ náà bá léwu, tó lòdì sí òfin, tàbí tí àárẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ lè wakọ̀ ni kí ẹ kọ̀. Ẹni tó kọ̀ láìnídìí irú èyí ti sọ ẹjọ́ àdéhùn di ẹjọ́ àìgbọràn, ìyẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ yóò dì mú.

Ẹ fún aṣojú ní ọjọ́ àti nọ́ńbà ìrìn-àjò, abala àdéhùn tí wọ́n tẹ̀ lójú, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe láti tún un ṣe. Gbèdéke ọjọ́ wà nínú àdéhùn. Ẹjọ́ rere máa ń kú nítorí pé ẹni tó ni ín ń rò ó lọ rò ó bọ̀. Tí ilé iṣẹ́ bá kọ̀, ó di ọ̀dọ̀ System Board of Adjustment, níbi tí aṣojú ilé iṣẹ́ àti ti ẹgbẹ́ ti dọ́gba, tí adájọ́ àárín sì ń dá sí i bí wọn kò bá fẹnu kò.

Olórí lè fi ẹjọ́ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó fi í sílẹ̀ nítorí ìkùnsínú tàbí ẹ̀tanú. Ní 1991, nínú ẹjọ́ O'Neill pẹ̀lú Air Line Pilots Association, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ojúṣe yìí, ìyẹn kí ẹgbẹ́ ṣojú gbogbo awakọ̀ láìṣègbè, kan ìdúnàádúrà pẹ̀lú. Ó kan awakọ̀ tí kò wọ ẹgbẹ́ náà pàápàá.

Nínú Air Line Pilots Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931, ibùdó kọ̀ọ̀kan ń yan aṣojú lọ sí ìgbìmọ̀ àgbà ilé iṣẹ́ wọn. Tí wọ́n bá dìbò ní pípe orúkọ, iye ọmọ ẹgbẹ́ tí aṣojú ń ṣojú fún ni ìbò rẹ̀ ń gbé. Ìpàdé ibùdó tí èèyàn mélòó kan péjọ sí lè tipa bẹ́ẹ̀ darí ìbò ọgọ́rọ̀ọ̀rún awakọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1959 lórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ pé kí ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ dìbò ìkọ̀kọ̀ yan olórí, ó pẹ́ tán lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta. Kò sí òfin tó lè fipá mú yín wá síbẹ̀.

Tí àdéhùn tuntun bá dé fún ìbò, owó ni ojú ń kọ́kọ́ sáré lọ bá. Ẹ ka abala ètò iṣẹ́ ṣáájú: ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ tí ẹ máa wà ní ìmúrasílẹ̀, àti agbára ilé iṣẹ́ láti yí ìrìn-àjò padà lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo abala tó sọ ẹni tó láṣẹ láti wa ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ máa ń gbà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké. Ẹ gba ọ̀rọ̀ àdéhùn náà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ aṣojú, kì í ṣe àkópọ̀ nìkan, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀.