Ṣé òkú ń padà wá lóòótọ́? Àkúdàáyà, oorun àti jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí ò gbọ́ irú ìtàn yìí rí: bàbá kan kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n sin ín, wọ́n pa màlúù, gbogbo àlejò jẹ ìkọ́kọrẹ́ yó relé, ó wá pẹ́ díẹ̀, ará àdúgbò kan lọ ra ọjà ní Kánò, ta ló rí? Bàbá yẹn náà ni, ó ń ta táyà, ó ti fẹ́yàwó tuntun, ó ti bímọ, kí oníyẹn tó pariwo bàbá ti wọ yàrá, wọn ò rí i mọ́. Àkúdàáyà nìyẹn. Àmọ́ ẹ bi ẹni tó ń sọ ọ́ bóyá òun ló fojú ara ẹ̀ rí i, á ní rárá o, ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ òun ni.

Àwọn bàbá wa gbà pé ẹni tó kú tí ọjọ́ ẹ̀ ò tíì pé á lọ lo èyí tó kù níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Ẹ wá wo ayé ìgbà yẹn, kò sí fóònù, ọ̀pọ̀ èèyàn ò ya fọ́tò rí, ẹni tó jẹ gbèsè lè sá lọ sókè ọya kí wọ́n máa kà á mọ́ òkú nílé, èèyàn tó jọra sì pọ̀ lọ́jà. Òkú àwọn òyìnbó ní tiẹ̀, inú ilé àtijọ́ ló máa ń dúró sí pẹ̀lú aṣọ funfun, kì í ṣe nǹkan kan. Tiwa ń tajà (kú tán, Ìjẹ̀bú ò fi owó sílẹ̀!). Ohun tí wọ́n ti sọ fún wa nílé lojú wa máa ń rí.

Ṣé ó wà àbí kò sí? Èmi gbà pé kò sí, ṣùgbọ́n mi ò ní pe ẹni tó ní òun rí i ní òpùrọ́. James Randi, onídán kan ní Amẹ́ríkà, gbé mílíọ̀nù kan dọ́là kalẹ̀ lọ́dún 1996 fún ẹnikẹ́ni tó bá lè fi agbára àràmàǹdà kan hàn níbi tí wọ́n ti lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n pa ètò yẹn tì lọ́dún 2015, ẹnikẹ́ni ò gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wá, tá a bá rí àkúdàáyà kan mú ní Ṣàgámù, a ò bá ti gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Kí wá ni wọ́n ń rí? Ẹni tí nǹkan gùn lójú oorun, kò parọ́ o. Tá a bá ń lálàá, ọpọlọ máa ń so iṣan ara wa ká má baà máa ja ìjà ojú àlá lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà míì ojú á là kí ara tó tú, ẹ ò ní lè mira, ẹ ò ní lè kígbe, àyà á wúwo, àlá ò sì tíì lọ tán, ló fi jẹ́ pé ẹ máa rí ẹnìkan lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kì í pẹ́ tí á fi tú.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti èéfín. Lọ́dún 1921, dókítà ojú kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Wilmer kọ nípa ìdílé kan tó ń gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn lóru, tí wọ́n ń rí àjèjì nínú ilé, orí ń fọ́ wọn, ó rẹ̀ wọ́n, àṣé ẹ̀rọ tó ń mú ilé wọn gbóná ló bàjẹ́, gáàsì carbon monoxide ni wọ́n ń fà símú, ìgbà tí wọ́n tún un ṣe ni gbogbo ẹ̀ dáwọ́ dúró. Gáàsì yẹn náà ló ń jáde lára jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ gbé sí kọ́rídọ̀ nítorí olè. Kì í rùn, ó sì ń pa odindi ìdílé mọ́jú. Torí náà tórí bá ń fọ́ gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jáde síta kíá, ẹ fi wòlíì sílẹ̀ ná.

Ti ọ̀fọ̀ wá yàtọ̀. Dókítà Dewi Rees bá opó 293, lọ́kùnrin lóbìnrin, sọ̀rọ̀ ní Wales, ó tẹ èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 1971: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó ní ẹnì kejì àwọn ṣì ń wá, àwọn ń gbóhùn ẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ rí i. Ọ̀pọ̀ ò sọ fẹ́nì kankan rí. Ara wọn dá, wọn ò ya wèrè, ọpọlọ tó ti fi ogójì ọdún retí ẹsẹ̀ ẹnìkan lẹ́nu ọ̀nà ò lè jáwọ́ lọ́sẹ̀ kan.

Àwa gan-an la tún wá ń sọ fún òkú lójú sàréè pé ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá. A sin bàbá sí iwájú ilé, à ń sá aṣọ lórí sàréè, a sọ ọmọ ní Babátúndé, màmá wá ní òun gbọ́ sílípáàsì bàbá ní páálọ̀, ẹnu wá ń yà wá? Opó Wales yẹn dákẹ́ sí tiẹ̀. Tiwa ní Ìpẹrù á sọ ọ́, wọ́n á wá ní kó ra àbẹ́là, kó mú ewúrẹ́ wá, kó gbààwẹ̀, kó sanwó ìdáǹdè, gbogbo owó tí bàbá fi sílẹ̀ á tán síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí màmá sọ nǹkan tí wọ́n gbọ́, kí ẹnìkan máa sùn tì wọ́n fúngbà díẹ̀. Tí wọn ò bá jẹun mọ́, tí wọn ò sùn, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù.