Èéfín Ni Ká Lé Jáde, Kì Í Ṣe Ayálégbé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ìsinmi ọjọ́ Àìkú sílẹ̀ wá jókòó tì wá ní Kubwa. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbẹ̀ lórí sìgá mímu nínú ilé àyágbé sílẹ̀ káwọn náà lè rí i kà. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Abuja, Dutse Alhaji ni mo gbalé sí. Yàrá márùn-ún tò lẹ́sẹẹsẹ lábẹ́ òrùlé kan náà. Alámùúlétì mi kì í mu sìgá lójúmọmọ. Ìgbà tó bá dé láti ibi iṣẹ́, nǹkan bí aago méjìlá òru, ni òórùn rẹ̀ máa ń bá wa lórí ibùsùn. Ọmọ mi kejì kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà, ó sì ní ikọ́ fée. Àyà rẹ̀ á máa dún bíi fèrè. Ìyá rẹ̀ á rẹ aṣọ ìnura sómi, á fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn. A ó ti fèrèsé pa nínú ooru Abuja. Èéfín ṣì ń wọlé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo gun àga, mo ṣí igun àjà kan sókè, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ògiri tó pààlà èmi àti alámùúlétì mi kò kan òrùlé. Ibi àjà ló parí sí. Láti orí àjà lọ sókè, yàrá kan ṣoṣo ni yàrá márààrún. Ohun tí ẹnì kan bá tu jáde lẹ́nu, gbogbo wa la jọ ń fà á símú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ògiri yẹn. Ẹni tó ń mu sìgá nínú ilé ńlá tó dá gbé ní Maitama, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ló mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé owó pọ́ọ́kú, ní Nyanya, ní Karu, ní Lugbe, ní Mpape, èéfín kò mọ yàrá ẹni tó sanwó yàtọ̀ sí yàrá ẹlòmíì. Lọ́dún 2006, oníṣègùn àgbà fún ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìwádìí ńlá kan jáde. Ó ní kò sí bí èéfín sìgá ẹlòmíì ṣe lè kéré tó tí kò ní í léwu fún ẹni tó fà á símú, àti pé yíya yàrá sọ́tọ̀ tàbí ṣíṣí fèrèsé kò lè mú ewu náà kúrò. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, aṣọ ìnura ìyàwó mi ni mo rántí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ọ̀rọ̀ alámùúlétì mi ṣe parí. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ajẹ́ńtì dé pẹ̀lú ọmọkùnrin méjì àti àgádágodo. Wọ́n gbé mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, sítóòfù rẹ̀ àti báàgì Ghana-must-go méjì sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Wọ́n ní sìgá rẹ̀ ń yọ ará ilé lẹ́nu. Owó ilé tó san ṣì ku oṣù méje. Òjò rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́, orí mátírẹ́ẹ̀sì tútù yẹn ló jókòó sí, ó sì kí mi: “Ẹ kú ilé, bọ̀dá.” Mo dá a lóhùn, mo wọlé lọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni mo ń sọ fún yín, inú mi dùn pé ọmọ mi á sùn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ajẹ́ńtì fi mú ẹlòmíì wá. Owó yàrá yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì lé sí i. Kò sí ẹni tó bi ayálégbé tuntun bóyá ó ń mu sìgá. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kì í ṣe tìtorí àyà ọmọ mi ni wọ́n ṣe lé ọkùnrin yẹn.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo dì mú lónìí, n kò sì ní í fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì. Onílé lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nínú ilé òun, ó tiẹ̀ yẹ kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin sìgá kò gbọdọ̀ di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbà lé tálákà síta.

Àwọn kan á ní, “Yàrá mi ni, òfin ìpìlẹ̀ dáàbò bo àṣírí ilé mi.” Òótọ́ ni, abala 37 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èéfín tó ti gba orí àjà kọjá sọ́dọ̀ ọmọ ọlọ́mọ, ṣé àṣírí ilé ẹni ló ṣì jẹ́? Abuja kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 2008 ni mínísítà ìlú yìí nígbà náà, Aliyu Modibo Umar, ti fòfin de sìgá níbi tí èrò bá wà. Lọ́dún 2015, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí tábà dé. Ó ka sìgá mímu léèwọ̀ nílé ìwé, nílé ìwòsàn, nínú ọkọ̀ èrò àti ní pápá ìṣeré, ó sì ní wọn kò gbọdọ̀ tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní gbogbo ìdí tíì mai-shayi, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣì ń tà á. Ní ti inú yàrá ẹni, ìwé àdéhùn ilé la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba fúnra rẹ̀ ni onílé fún ọ̀pọ̀ tálákà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní HUD, gbé òfin jáde pé kò sí sìgá mọ́ nínú ilé tí ìjọba ń yá tálákà gbé: kì í ṣe nínú yàrá, kì í ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe láàárín ẹsẹ̀ bàtà 25 sí ara ilé. Òfin náà kan shisha àti kòkò tábà. Kò kan sìgá oníbátìrì. Ilé tó lé ní 900,000 ló kàn. Títí di ìparí oṣù Keje ọdún 2018 ni wọ́n fún àwọn alákòóso ilé láti múra sílẹ̀. Inú ìwé àdéhùn ni wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ sí, wọ́n sì gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa kìlọ̀ léraléra, kí lílé jáde má jẹ́ ohun àkọ́kọ́. Àwọn amusìgá pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ gbè sẹ́yìn ìjọba.

Ẹjọ́ àwọn arúgbó ló dùn mí níbẹ̀. Màmá àgbà tó ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn, tó ń gbé àjà kẹwàá, tó ti ń mu sìgá fún ogójì ọdún, ẹ ní kó sọ̀kalẹ̀ lóru lọ dúró nínú yìnyín. Sìgá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jù nù lọ́jọ́ kan. Ó ti wọ ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ tó wà ní yàrá kejì kọ́ ló fi kọ́ ọ. Bí mo bá jẹ́ onílé, n ó ṣe òfin náà, n ó sì wá ibì kan tó ní ìbòrí nínú ọgbà fún irú ìyá bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní Abuja, òfin kan wà fún gbígba ilé lọ́wọ́ ayálégbé. Bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ẹni tó ń san owó ọdọọdún yóò gba ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Lẹ́yìn náà ni ìwé ọjọ́ méje tó ń sọ fún un pé onílé fẹ́ lọ gba ilé rẹ̀ ní kóòtù, kí onílé tó gba kóòtù lọ. Ẹni tó bá ti kọjá Nyanya dé Mararaba, kó rántí pé ìpínlẹ̀ Nasarawa ló wà, òfin tiwọn ló máa lò. Ṣùgbọ́n kò síbi tí òfin ti fún ajẹ́ńtì láṣẹ láti gbé àgádágodo wá. Nígbà tí ìjọba ológun Èkó fi agbára lé Ojukwu kúrò nílé ní Ìkòyí, tí ẹjọ́ sì ṣì wà ní kóòtù, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ bá wọn wí gidigidi lọ́dún 1986. Bí ológun kò bá lè ṣe é, ta ni ajẹ́ńtì?

Àmọ́ kí ayálégbé náà má rò pé àṣìṣe inú ìwé ìkìlọ̀ ni yóò gba òun là títí. Lọ́dún 2021, nínú ẹjọ́ Pillars Nigeria àti Desbordes, ilé ẹjọ́ kan náà yìí sọ pé irú àwáwí bẹ́ẹ̀ ti tó.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ọ̀rọ̀ sìgá wọ inú ìwé àdéhùn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Òkèèrè la ti ń wo igi ganganran. Kí wọ́n kọ ọ́ bóyá shisha wà nínú rẹ̀, bóyá ó kan àlejò, ibi tí ẹni tó bá fẹ́ mu ún lè dúró sí, àti ìgbà mélòó ni wọ́n máa kìlọ̀ fún un. Ìwé tí onílé lẹ̀ mọ́ géètì láàárín ọdún kò yí àdéhùn tí ẹ ti jọ fọwọ́ sí padà; kó dúró di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ san tuntun. Ẹ̀yin onílé tó wà níbí, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín: jẹnẹrétọ̀ tí ẹ gbé sábẹ́ fèrèsé ayálégbé ń yára pààyàn ju sìgá lọ. Odindi ìdílé ti sùn tí wọn kò jí. Ẹ gbé e kúrò kí ẹ tó lẹ ìwé sìgá mọ́ géètì.

Nígbà tó di àkókò ìbéèrè, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan dìde. Ó ní bàbá onílé òun fúnra rẹ̀ ló ń jókòó sí báńkóòní òkè mu sìgá, fèrèsé yàrá àwọn ọmọ òun ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ó ní òun kò lè bá àgbàlagbà fa wàhálà. Mo sọ fún un pé ẹni tó gbowó ilé lọ́wọ́ èèyàn ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé á gbé ibẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ì báà má sí nínú ìwé. Kó kọ lẹ́tà, kó tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́. Bí kò bá sí ìyípadà, Abuja Multi-Door Courthouse wà fún ìlàjà láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ di ìjà.

Ó ní òun kò mọ bí òun ṣe máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà. A fa àga méjì lẹ́yìn ìpàdé, ó mú bírò jáde láti inú báàgì rẹ̀, ó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀: “Bàbá wa, ẹ kú ilé o, sà. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ nítorí fèrèsé àwọn ọmọ.”