Iṣẹ́ Ológun Ọ̀ranyàn: Ṣé Ogun La Fẹ́ Múra Sí, Àbí Ọmọ La Fẹ́ Bá Wí?

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n, mo kí yín o.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí ìdìbò gbogbogbòò ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Rishi Sunak tó jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ṣèlérí pé bí ẹgbẹ́ òṣèlú òun bá wọlé, gbogbo ọmọ ọdún 18 ni yóò máa sin ìlú. Ariwo ta. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbọ́ ni pé iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn ń padà bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú ìlérí náà wò, nǹkan bí 30,000 ọ̀dọ́ péré ni yóò ráyè nínú iṣẹ́ ológun lọ́dún, fún oṣù 12. Àwọn yòókù, tí wọ́n pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì, yóò máa fi òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù ṣiṣẹ́ ìrànwọ́ láàrin ìlú. Bílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ pọ́n-ùn lọ́dún ni wọ́n ní yóò ná wọn. Oṣù Keje dé, Sunak fìdí rẹmi, ìlérí náà sì bá ìdìbò lọ.

Ìdí tí mo fi mú un ṣáájú ni pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú ìlérí kan ṣoṣo yẹn. Àkọ́kọ́ ni pé ọmọ ogun kò tó. Èkejì ni pé àwọn àgbà rò pé àwọn ọ̀dọ́ ti bàjẹ́. Ọ̀tọ̀ ni ti ogun, ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ títọ́, orílẹ̀-èdè tó bá sì ń fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀ yóò pàdánù méjèèjì. Ibi tí mo ń lọ lónìí nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà àtayébáyé ni. Fífi tipátipá kó ènìyàn lọ sójú ogun ti wà tipẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin tó sọ pé ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan ní gbèsè ológun lọ́rùn, tó sì ń ka orúkọ wọn lọ́dọọdún, iṣẹ́ ọwọ́ Faransé ni ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún: ìpè gbogbogbòò ti 1793, lẹ́yìn náà òfin 1798. Napoleon ló jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù yòókù rí ohun tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá bẹ́ẹ̀ lè ṣe, wọ́n sì wò ó kọ́. Ìfagilé rẹ̀ kò yá kánkán. Gẹ̀ẹ́sì pe àwọn tó kẹ́yìn ní 1960, Amẹ́ríkà dá tirẹ̀ dúró ní 1973, Faransé ṣòfin ìdádúró ní 1997, Sweden tẹ̀lé e ní 2010, Jámánì ní 2011. Ìrètí wọn ni pé ogun ńlá kò ní wáyé mọ́ lágbègbè wọn. Rọ́ṣíà wá gba Crimea, apá kan ilẹ̀ Ukraine, ní 2014. Ukraine tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fagi lé tirẹ̀ ní 2013 dá a padà lọ́dún kejì, Lithuania dá tirẹ̀ padà ní 2015, Sweden ní 2017, Latvia ṣòfin tirẹ̀ ní 2023.

Ẹjọ́ àwọn tó ń sọ pé ọmọ ogun kò tó, ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀tọ́ wọn fún wọn. Ẹ wo Finland. Àwọn ará ibẹ̀ kò pé mílíọ̀nù mẹ́fà, wọ́n sì bá Rọ́ṣíà pín ààlà tó lé ní 1,300 kìlómítà. Wọn kò fìgbà kankan fagi lé iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn, kódà lásìkò tí Sweden aládùúgbò wọn dá tirẹ̀ dúró. Ọmọkùnrin tó bá wọ̀ ọ́ yóò lo ọjọ́ 165, 255 tàbí 347, bí iṣẹ́ tí wọ́n yàn án sí bá ṣe rí. Yóò padà sílé, yóò lọ sílé ìwé tàbí ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò nínú ìwé. Bí ogun bá dé, 280,000 ènìyàn ni wọ́n ti ṣètò láti kó jáde.

Ibo wá ni èrè rẹ̀ wà? Kò sí nínú oṣù díẹ̀ tí ọmọ náà fi wà ní bárékè. Ọmọ ọdún 19 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn kò tíì wúlò púpọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kódà ìnira ló jẹ́, nítorí àwọn ògbólógbòó ológun tí ì bá wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn ló ń kọ́ ọ. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá parí ni èrè ti ń wọlé. Ó mọ ẹ̀ka tí òun wà, ó mọ ọ̀gá rẹ̀, wọ́n ń pè é padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún ìdánrawò, ìbọn àti aṣọ rẹ̀ sì wà níbì kan tó ń dúró dè é. Bí orílẹ̀-èdè bá gba ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún kan, tí kò sì ní ètò kankan fún ogún ọdún tó tẹ̀lé e, owó ló ń fi ṣòfò, ọdún kan nínú ayé ọmọ náà sì ti bá a lọ.

Sweden ló kọ́ mi ní apá kejì ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró ní 2010, èrò wọn ni pé àwọn tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i á wá fúnra wọn. Wọn ò wá tó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a padà ní 2017, tọkùnrin tobìnrin, àwọn ọ̀dọ́ tọ́rọ̀ kàn lọ́dún yẹn tó nǹkan bí 100,000. Nǹkan bí 13,000 ni wọ́n fẹ́ pè fún àyẹ̀wò, 4,000 péré ni wọ́n sì fẹ́ gbà lọ́dún níbẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: 4,000 nínú 100,000. Ìjọba ibẹ̀ ka ibùsùn, ó ka olùkọ́, ó ka ìbọn, kó tó ka ọmọ. Àwọn olóṣèlú tó ń pariwo pé kí gbogbo ọ̀dọ́ wọ bárékè, mo fẹ́ kí ẹ máa bi wọ́n léèrè ibi tí wọn óò sùn sí.

Kì í sì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Lẹ́yìn 2011, Jámánì tú àwọn ọ́fíìsì tó ń pe àwọn ọ̀dọ́ ká, ó ti ọ̀pọ̀ bárékè pa. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣòfin tuntun ní oṣù Kejìlá 2025, ohun tó di dandan nínú rẹ̀ fún ọmọkùnrin tó bá pé ọdún 18 ni kó dáhùn ìwé ìbéèrè, kó sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ara òun wò bí àkókò ti ń lọ. Wíwọ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́. Àwọn kan ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé òfin ìwé lásán ni. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò mọ iye ọmọ tó wà nílé kò lè pín iṣẹ́.

Ó wá ku àwọn tó ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí bárékè kí ojú wọn lè là. Àwọn àgbà ẹlẹgbẹ́ mi ló ń sọ ọ́ jù, mo sì fẹ́ bá wọn wí díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Sájẹ́ǹtì tó ní ogójì ọmọ níwájú rẹ̀ àti oṣù díẹ̀ lọ́wọ́ kò lè ṣe ohun tí òbí àti olùkọ́ kò fi ọdún 18 ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ọmọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn láàrin 1949 sí 1963. Àwọn kan jagun ní Kòríà, ní Malaya, ní Cyprus. Àwọn mìíràn ń pa ìtàn títí dòní pé wọ́n ní kí àwọn kun èédú ní ọ̀dà funfun nítorí ọ̀gá kan ń bọ̀ wá ṣàbẹ̀wò. Ẹ̀kọ́ wo ló wà nínú ìyẹn, yàtọ̀ sí bí èèyàn ṣe ń díbọ́n bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́?

Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ̀rí tó ju ìtàn lọ, ó wà. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1969, Amẹ́ríkà fi kèké mú ọjọ́ ìbí àwọn tí yóò lọ jagun Vietnam. Ìyà ńlá ni fún àwọn tí kèké mú, àmọ́ ó di irinṣẹ́ fún àwọn onímọ̀, nítorí kò sí ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí kèké mú àti ẹni tí kèké fò ju ọjọ́ tí wọ́n bí wọn lọ. Joshua Angrist, tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ọrọ̀ ajé ní 2021, fi wọ́n wéra nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1990. Ó rí i pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn tí ogun ti parí tipẹ́, owó tó ń wọlé fún àwọn aláwọ̀ funfun tó ṣe ṣọ́jà nígbà náà fi nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ẹgbẹ́ wọn tí kò ṣe é. Ajẹntínà náà ń fi kèké yan ọmọ ogun. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Galiani, Rossi àti Schargrodsky, fi hàn ní 2011 pé àwọn tí kèké mú níbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìwé ọ̀daràn nígbà tó yá. Bárékè tí a ní kó tún wọn ṣe! Orílẹ̀-èdè yẹn fòpin sí i ní 1994, lẹ́yìn tí wọ́n lu Omar Carrasco, ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, pa nínú bárékè kan ní ìlú Zapala.

Mi ò sọ pé kò sí ẹni tó jẹ àǹfààní níbẹ̀ o. Àwọn kan kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ọmọ olówó bá ọmọ tálákà sùn nínú yàrá kan. Àwọn ará Switzerland fẹ́ràn tiwọn débi pé nígbà tí wọ́n dìbò lórí rẹ̀ ní 2013, nǹkan bí ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kó má parẹ́. Ìyẹn tiwọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ olówó àti ọmọ tálákà yìí gba àròjinlẹ̀. Orí tí a fi fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, òfin 1863 sọ pé ẹni tó bá lè san 300 dọ́là kò ní lọ. Iye yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó iṣẹ́ ọdún kan fún lébìrà. Ìlú New York gbiná ní oṣù Keje ọdún yẹn, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú, àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni àwọn tó ń bínú sì dojú kọ jù. Ní àsìkò Vietnam, wọn kì í béèrè owó mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà ní yunifásítì ń rí ìdádúró gbà. Ẹ sì mọ ilé tí àwọn ọmọ yunifásítì ti ń wá. Ní Ísírẹ́lì, àríyànjiyàn tó le jù títí di òní ni ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí wọn kì í lọ. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ibẹ̀ dájọ́ ní oṣù Kẹfà 2024 pé kò sí òfin tó yọ wọ́n sílẹ̀ mọ́.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni Ẹritíríà. Òfin wọn ti 1995 sọ pé oṣù 18 ni: mẹ́fà fún ẹ̀kọ́, 12 fún iṣẹ́. Ogun bẹ́ láàrin wọn àti Etiópíà ní 1998, ó parí ní 2000, ṣùgbọ́n ìjọba kò tú àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Ẹlòmíràn wọ̀ ọ́ lọ́mọdé, ó bímọ níbẹ̀, ewú hù lórí rẹ̀ níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ ilé kíkọ́ fún owó tí kò tó bọ́ ilé. Ìgbìmọ̀ ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ní 2016 pé ìmúnilẹ́rú ni. Ìdí kan pàtàkì nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ fi ń sá gba aṣálẹ̀ àti òkun lọ. Òfin náà dára lójú ìwé. Ohun tó ṣaláìní ni ẹni tó lè sọ fún ìjọba pé àsìkò ti pé, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí bóyá kí orílẹ̀-èdè kan dá a padà, èmi náà á kọ́kọ́ béèrè. Ta ni ọ̀tá, ó sì jìnnà tó ibo? Àwọn tí ẹ bá kọ́ ńkọ́, ibo lẹ máa fi wọ́n sí lẹ́yìn náà? Ṣé ilé ẹjọ́ tó lè dá ìjọba lẹ́kun wà? Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gbà kó gbé ìbọn ńkọ́? Òfin ìpìlẹ̀ Jámánì ti 1949 fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyè, ọ̀pọ̀ wọn sì ń tọ́jú arúgbó àti aláìsàn, tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n dá iṣẹ́ ológun dúró ní 2011, àwọn ilé ìtọ́jú ló kọ́kọ́ ń wá ẹni tí yóò rọ́pò wọn. Ibi tí ìdáhùn bá ti dán mọ́rán, tí ọ̀tá sì wà lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́, mo fara mọ́ ọn, kó jẹ́ ìwọ̀nba bíi ti Sweden. Bí ìdáhùn kan ṣoṣo tí wọ́n ní bá jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí kò gbọ́ràn, mi ò fara mọ́ ọn.

Nígbà tí ààyè ìbéèrè ṣí, arábìnrin kan dìde, ó ní bó bá padà dé, ṣé yóò kan àwọn obìnrin. Mo dá a lóhùn pé ó ti kàn wọ́n níbòmíràn: Norway bẹ̀rẹ̀ sí í lo òfin tó kan ọkùnrin àti obìnrin ní 2015, Denmark náà sì fi àwọn obìnrin kún àwọn tí kèké lè mú ní 2025. Ṣùgbọ́n àwọn tí Norway ń gbà lọ́dún kò tó nǹkan, wọ́n sì ń wo ẹni tó fẹ́ẹ ṣe é, nítorí náà kò fi bẹ́ẹ̀ dun ẹnikẹ́ni. Arábìnrin náà ní òun kò béèrè ti Norway, ogun gidi lòun ń sọ, níbi tí wọ́n á ti nílò gbogbo ènìyàn. Mo ní bó bá débẹ̀, mi ò rí ìdí tí òfin yóò fi mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kó sì fò ó, bí ara àwọn méjèèjì bá le. Ó jókòó. Mi ò mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn sí ìdáhùn náà.