Onímọ̀ Ọrọ̀-Ajé Ìlera: Iṣẹ́ Tó Ń Ka Owó Aláìsàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìṣirò, tí ọ̀rọ̀ aláìsàn sì ń ká yín lára, iṣẹ́ kan wà tó fẹ́ méjèèjì.

Ẹ wo ilé-ìwòsàn Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní 1907. Dókítà á wo àìsàn. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé ìlera á béèrè pé: ta ló sanwó rẹ̀, kí sì ni ará ilé ò lè rà mọ́ nítorí owó náà?

Ọ̀nà rẹ̀ gùn: ọdún mẹ́rin fún dìgírì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà dìgírì kejì, lẹ́yìn náà oyè ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà gan-an.

Ká ní ìdílé aránṣọ kan ní Sábó ń ná 120,000 náírà lóṣù, tí 18,000 bá oògùn àti àyẹ̀wò lọ. Ìdá 15 nínú 100 nìyẹn. Bó bá ti kọjá ìdá 10, òdiwọ̀n kan tí àwọn onímọ̀ ń lò kà á sí ìnáwó ìlera tó wọni lọ́rùn. Òdiwọ̀n kejì ń yọ owó oúnjẹ kúrò ná. Bí oúnjẹ bá gba 80,000, 40,000 ló kù. 18,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá 45. Níbí, ìdá 40 ni ààlà.

Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà rèé. Wọ́n á béèrè owó oúnjẹ ọjọ́ méje, owó ìgbàtọ́jú ọdún kan, wọn á sì dà wọ́n pọ̀ láì kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di ti oṣù kan. Àṣìṣe tó burú jù ni òdo. Ìyá tí kò lówó, tó jókòó sílé pẹ̀lú ibà ọmọ rẹ̀, á ní òun ò ná nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà á wá kà á mọ́ àwọn tí ara wọn le! Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ béèrè: ta ló ṣàìsàn tí kò lọ sílé-ìwòsàn, kí ló sì dá a dúró?

Ti owó ìjọba náà ní wàhálà tirẹ̀. Ní Àbújá ní 2001, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí ìdá 15 ìṣúná wọn fún ìlera. Òfin ìlera wa ti 2014 sì ya ó kéré tán ìdá 1 sọ́tọ̀ nínú owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀. Òfin 2022 wá sọ adójútòfò ìlera di dandan. Owó òṣìṣẹ́ ìjọba rọrùn láti yọ nínú owó-oṣù. Ta ni yóò gba ti aránṣọ? Ẹni tí àìsàn ti mú ló sì máa ń sáré forúkọ sílẹ̀, ni àpò ètò náà fi ń gbẹ.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ìwé ìṣúná ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ ṣí ojú-ewé ìlera. Ẹ kọ òpó mẹ́ta: owó tí wọ́n kọ sílẹ̀, èyí tí wọ́n tú sílẹ̀, èyí tí wọ́n ná. Ẹ má fi òpó kìíní nìkan ṣèdájọ́.