Ẹni Tó Sanwó Ni Activation Ń Yọ Lẹ́nu

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ta kọ̀ǹpútà, tó sì ń tún un ṣe ní Abuja. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi láti Wuse, Kubwa àti Nyanya, mo kí yín o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Kaduna àti Zaria, ẹ kú ìrìn.

Inú ṣọ́ọ̀bù yín ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Oníbàárà á gbé láptọ́ọ̀pù dé, á ní kí ẹ bá òun fi Windows àti Office sí i. Ẹ bi í bóyá ó ní product key, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ tó ń bá ojúlówó wá, ó ní rárá. Ẹ fa fíláàṣì yọ, ẹ fi crack sí i, ìyẹn ètò tó ń tan sọ́fítíwià jẹ bí ẹni pé wọ́n ti sanwó rẹ̀, ó parí. Owó tí iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ń ná wa ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò, àti ìdí tí mi ò fi lè dá àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sọ́fítíwià láre tán, àwọn tó ń fi activation (àyẹ̀wò pé ẹni tó sanwó ló ń lò ó) ti ọjà wọn.

Ìjà náà ti pẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1976, Bill Gates, ọ̀kan lára àwọn tó dá Microsoft tó ń ṣe Windows sílẹ̀, ọmọ ogún ọdún péré nígbà náà, kọ lẹ́tà síta sí àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà kékeré. Ó ní ọ̀pọ̀ wọn ló ń jí sọ́fítíwià lò. Ó wá béèrè pé ta ló lè máa ṣe iṣẹ́ gidi láìgba owó. Ìbéèrè yẹn tọ̀nà. Ọmọ yín tó jókòó sí Kubwa, tó kọ ètò ìṣirò owó ilé ẹ̀kọ́, tí oníléèwé kan rà tán tó sì pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun náà lè béèrè bẹ́ẹ̀ lónìí.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ti ní product key lè fún ẹlòmíì. Windows XP, tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2001, ló gbé activation dé ilé ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó máa ń wo hard disk, RAM, network card àti àwọn ẹ̀yà mìíràn, á sọ wọ́n di nọ́ńbà kan, á so ó mọ́ key onílẹ́tà àti nọ́ńbà 25 tí ẹ tẹ̀ sí i, á sì béèrè àṣẹ lọ́dọ̀ Microsoft. Ọjọ́ 30 ni wọ́n fún yín nígbà náà láti gba àṣẹ yẹn. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀yà tó pọ̀ nígbà náà, ẹ tún lè ní láti fi íntánẹ́ẹ̀tì tàbí tẹlifóònù gba àṣẹ mìíràn.

Ibí yìí ló ń dùn mí. Ẹ wo olùkọ́ kan ní abúlé kan lẹ́yìn Bida, tó fi owó oṣù rẹ̀ ra ojúlówó Windows. Iná ba ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́, wọ́n bá a pààrọ̀ ẹ̀yà, kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ̀ ọ́n mọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Aládùúgbò rẹ̀ tó ń lo crack ń tẹ ìbéèrè ìdánwò rẹ̀ lọ ní tiẹ̀. Kí ni olùkọ́ yẹn rà gan-an? Ó dà bí ẹni tó ra ilé, tí ẹni tó tà á fún un sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Bí ilé iṣẹ́ bá sì pa sáfà, kọ̀ǹpútà wọn tó ń fúnni ní àṣẹ náà, ńkọ́? Adobe ṣe é. Nígbà tí wọ́n pa sáfà tó ń ṣe activation fún CS2, àkójọ sọ́fítíwià wọn tí Photoshop wà nínú rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀dà tí kò nílò activation síta ní ọdún 2013 fún àwọn tó ti rà á. Ohun tó yẹ kó di dandan fún gbogbo wọn nìyẹn, kó má jẹ́ àánú.

Ṣùgbọ́n crack kọ́ ni ìdáhùn. Ilé iṣẹ́ ńlá máa ń ní sáfà tiwọn tí wọ́n ń pè ní KMS, tí àwọn ẹ̀rọ wọn gbọ́dọ̀ máa kàn sí, torí ọjọ́ 180 ni àṣẹ rẹ̀ ń lò. Ọ̀pọ̀ crack ń ṣe bí ẹni pé òun ni sáfà náà. Kí ló kọ́kọ́ máa ń ní kẹ́ ẹ ṣe? Ẹ pa antivirus. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣílẹ̀kùn fún ẹni tẹ́ ò mọ̀, lórí ẹ̀rọ tí oníbàárà fi ń wọ báńkì rẹ̀! Ọ̀pọ̀ sì ń pa update nítorí kí crack má bàa bàjẹ́. WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa títí wọ́n á fi sanwó, jà ní oṣù Karùn-ún 2017, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò tó gbà wọlé síta láti oṣù Kẹta.

Òfin pàápàá ti yí padà. Òfin Copyright ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, tún ka jíjá irú àgádágodo orí sọ́fítíwià bí activation sí ẹ̀ṣẹ̀.

LibreOffice wà dípò Office, ọ̀fẹ́ ni. Linux wà dípò Windows. Inkscape àti GIMP, ètò ìyàwòrán àti àtúnṣe fọ́tò, wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe káàdì ìpè àti báńà. Wọn ò béèrè activation lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ sì lè dà wọ́n kọ fún gbogbo Nyanya láìrú òfin.

Arábìnrin kan béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, bí oníbàárà bá ní Word lòun fẹ́ dandan, tí kò sì lówó ńkọ́?" Mo ní kó fi Word orí íntánẹ́ẹ̀tì hàn án, ọ̀fẹ́ nìyẹn, dátà nìkan ló ń jẹ. Kó tún sọ iye ojúlówó fún un, kí oníbàárà mọ ohun tó ń tọ́jú owó fún. Bí ó bá kọ méjèèjì, kó gba owó iṣẹ́ tó ti ṣe, kó sì dá láptọ́ọ̀pù rẹ̀ padà fún un láìfi crack sí i.